Bí A Ṣe Ń Tún Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tò fún Ẹni Tí Kò Ga

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Houston ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún 62 sì ni mí. Mi ò ga: ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 1 péré ni mí. Mo ra Harley Tri Glide, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ti ọdún 2015 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹbí wa kan tó ga gan-an. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lò tó wákàtí kan lórí rẹ̀, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹ̀yìn mi kì í kan ibi ìfẹ̀yìntì, mo sì ní láti gbé ìdí kí ẹsẹ̀ mi tó débi bíréèkì. Ẹnì kan ní kí n gé fóòmù síìtì kí ó lè wálẹ̀. Òmíràn ní kí n rẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè máa tẹ ilẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á, kí n lọ ra Can-Am Ryker, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, èwo sì ni kí n má ṣe dán wò rárá?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀mí á lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé fóòmù kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín, ìmọ̀ràn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Ẹni tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ lè tẹ ilẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé alùpùpù dúró tó bá dé ibi iná pupa. Tri Glide ń dá dúró ní tirẹ̀. Ó wúwo ju 550 kílò lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ga tó tí yóò fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Mọ́tò iná tó wà lára rẹ̀ ló ń fà á padà sẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ jáde níbi ìgbọ́kọ̀sí. Kò síbi tí ẹsẹ̀ yín ti ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nílẹ̀.

Ewu tiẹ̀ wà níbẹ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín gan-an. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí, táyà lè gun ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló yẹ kó ṣọ́ra fún un jù, torí pé ara wọn ti mọ́ ọn láti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti fẹ́ dúró. Lórí kẹ̀kẹ́ yín, ẹsẹ̀ á wà lórí pẹpẹ tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró pátápátá. Nítorí náà, pé ẹsẹ̀ yín kò kan ilẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Bí a bá wá rẹ síìtì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ṣe ni a tún dá kún ìṣòro yín: bí ìdí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni áńdù ń ga sí èjìká, tí orúnkún ń ká sókè, tí ojú sì ń wọ ẹ̀yìn gíláàsì iwájú tó ń dènà atẹ́gùn.

Ohun mẹ́ta ló jìnnà sí yín, ẹ sì ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà yín: áńdù, pẹ́dà bíréèkì, àti ibi ìfẹ̀yìntì. Lójú tèmi, ìkẹta ló bí méjì tó kù. Ọkùnrin tó ta kẹ̀kẹ́ fún yín ń jókòó sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ wọnú kòtò síìtì, ẹ̀yìn rẹ̀ kan fóòmù, apá rẹ̀ sì tún tó áńdù. Ẹ̀yin, kí ọwọ́ yín tó lè tó o, ẹ ní láti sún síwájú kúrò nínú kòtò yẹn, kí ẹ wá jókòó sí etí rẹ̀. Bí ẹ ti kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tó ti ẹ̀yìn yín mọ́, apá ló wá ń gbé gbogbo òkè ara ró. Ohun tó ń ro yín ní èjìká nìyẹn. Ọjọ́ orí yín kọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ ààbò ló kàn. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá ń yà, ẹni tó ń gùn ún á sì tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní fẹ́ já bọ́ síta. Tri Glide kì í tẹ̀. Tó bá yà sí òsì, ara yín fẹ́ máa lọ sí ọ̀tún. Bí ìdí àti ẹ̀yìn yín bá dì mọ́ síìtì dáadáa, síìtì ni yóò dì yín mú. Bí wọn kò bá dì mọ́ ọn, áńdù ni ẹ ó rọ̀ mọ́. Ohun tí ẹ fi ń darí kẹ̀kẹ́ ni ẹ tún wá fi ń gbé ara yín dúró, kẹ̀kẹ́ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Bí ẹ ṣe fà á ni yóò ṣe yí. Ẹ bá gọ́tà kékeré pàdé níbi tí ẹ ti ń yà, ara yín mì, apá yín mì, iwájú kẹ̀kẹ́ náà sì fì lọ síbi tí ẹ kò rán an. Mo ti rí àwọn tó sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń bà wọ́n lẹ́rù, pé iwájú rẹ̀ kò fara balẹ̀. Nígbà tí a tì wọ́n lẹ́yìn dáadáa, tí ọwọ́ wọn dẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà kò fì mọ́.

Ẹ tún wo ibi tó há, bíi ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà. Bí ẹ bá yí áńdù sí òsì dópin, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò sún lọ síwájú, ọwọ́ yẹn náà ló sì di tọ́rótù mú, ìyẹn ohun tí a ń yí kí kẹ̀kẹ́ lè sáré sí i. Ẹni tí apá rẹ̀ kò gùn á na apá títí ìgúnpá á fi le, ọrùn ọwọ́ á yí, tọ́rótù á sì yí tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ á fò síwájú, tàbí kó fẹ́ kú, nígbà tí mọ́tò olówó iyebíye wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í wọn ẹni tí kò ga nígbà tí áńdù bá dojú kọ iwájú. Ìgbà tí a bá yí i dópin ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. Bí ọwọ́ tó lọ síwájú bá ṣì di áńdù mú, tí ìgúnpá ṣì ká díẹ̀, tí ẹ̀yìn kò sì kúrò lára ibi ìfẹ̀yìntì, kẹ̀kẹ́ yẹn ti di tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, iṣẹ́ ṣì kù.

Ẹ lè wọn ara yín nílé kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí ọ̀kan, ẹ tẹ bíréèkì ìdúró. Ẹ mú ìró àtijọ́ kan, ẹ ká a kí ó nípọn tó ínǹṣì méjì, ẹ fi há àárín ìbàdí yín àti ibi ìfẹ̀yìntì, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn tì í gidi. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dúró tì yín, kó máa wo ìgúnpá àti èjìká yín láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí áńdù sí òsì dópin, ẹ yí i sí ọ̀tún dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gìgísẹ̀ ọ̀tún lélẹ̀ lórí pẹpẹ ẹsẹ̀, ẹ tẹ pẹ́dà bíréèkì láìgbé ìdí. Bó bá ṣì jìnnà, ẹ fi aṣọ kún un, ẹ tún gbìyànjú. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ lè mọ̀ bí ara ṣe gbà á. Nígbà tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi rúlà wọn bí aṣọ náà ṣe nípọn tó níbi tí ẹ̀yìn yín ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá ẹni tó máa ṣe síìtì. Ẹ má fi ìró yẹn gun kẹ̀kẹ́ lọ sí títì o. Ó lè yọ̀, ó sì lè bọ́ wọ inú táyà.

Síìtì ni ẹ ó kọ́kọ́ ra, torí pé ibi tí ìdí bá wà ló ń pinnu ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa dé. Harley fúnra wọn ń ta síìtì tí wọ́n ń pè ní Reach, tí wọ́n ṣe fún irú ẹni báyìí: ó ń gbé èèyàn sún síwájú, imú rẹ̀, ìyẹn apá iwájú rẹ̀, sì tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mustang àti Corbin náà ń ṣe síìtì fún ẹni tí kò ga, wọ́n sì ní ìfẹ̀yìntì tó ṣeé yọ, tó sì ṣeé sún síwájú-sẹ́yìn. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ sọ fún wọn pé Tri Glide ọdún 2015 ni. Síìtì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè jọ ọ́ lójú, kó má jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, nítorí náà bí ilé ìtajà bá wà nítòsí tó lè jẹ́ kí ẹ jókòó lórí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé síìtì yín lọ bá ẹni tó ń rán síìtì alùpùpù, kó tún un ṣe. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé ara yín gan-an ni wọ́n máa wọ̀n. Ẹ ní kí ó fi fóòmù kún ẹ̀yìn kòtò, kí kòtò náà lè sún síwájú bí ìró yín ṣe nípọn tó, kí ó sì fá ẹ̀gbẹ́ imú síìtì níbi tí itan yín ń gbà kọjá. Imú síìtì tó fẹ̀ ló ń ya itan ẹni kúkurú sí méjì tí ẹsẹ̀ kì í fi í balẹ̀ tààrà sórí pẹpẹ. Ẹ má gbà kí wọ́n gé fóòmù abẹ́ ìdí. Ike líle ló wà lábẹ́ fóòmù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì ẹ kò nílò kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí eegun ìdí tó bá jókòó sórí ohun líle fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á lo fóòmù tó le díẹ̀. Èyí tó rọ̀ bí òwú nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù, á ti rì tí ẹ bá rìn dé Galveston.

Bí ẹ bá ń ra ìfẹ̀yìntì, ẹ ra èyí tó lè dẹ̀ síwájú tàbí tó ṣeé fà yọ. Àpótí ńlá wà lẹ́yìn Tri Glide, síìtì ẹni kejì náà wà níbẹ̀, bí ìfẹ̀yìntì bá tún dúró ṣinṣin sáàárín, kò ní sí ibi tí ẹ ó ti gbé ẹsẹ̀ kọjá. Bí ẹni tí kò ga ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ yìí ni pé kí bíréèkì ìdúró wà ní títẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ òsì gun pẹpẹ ẹsẹ̀ òsì bí àtẹ̀gùn, kí ẹ dìde dúró lórí rẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá síìtì, kí ẹ wá jókòó. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí lè gbé alùpùpù ṣubú lu èèyàn. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò séwu. Ẹ kàn má fi gbogbo ara fa áńdù bí ẹ ṣe ń gùn ún, torí pé ó máa yí.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún èèyàn ní ilé ìtajà: bí ẹ bá ti sún síwájú, itan yín ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pàápàá, máa ń tú ooru sókè sábẹ́ itan, oòrùn Texas nínú oṣù August kò sì ní bá yín ṣàánú. Ṣòkòtò tó nípọn tó bo itan dáadáa ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń fi ìdènà ooru kékeré sí abẹ́ síìtì níwájú. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò sì wọ́n.

Lẹ́yìn síìtì, ẹsẹ̀ ló kàn. Ó ṣeé ṣe kí síìtì nìkan ti yanjú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ohun tí mò ń wá ni pé kí gìgísẹ̀ jókòó lórí pẹpẹ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bíréèkì pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ nìkan. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn ló ru ìwúwo tó pọ̀ jù, táyà méjì ló sì ń di ilẹ̀ mú níbẹ̀, nítorí náà bíréèkì ẹsẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá tí kì í ṣe lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ní láti gbé ìdí kó tó tẹ̀ ẹ́ ti pàdánù àkókò, ó sì ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí síìtì nígbà tó yẹ kó dì í mú jù lọ. Èyí ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Bí ó bá ṣì jìnnà lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ síìtì, a ní àfikún tí wọ́n ń dè mọ́ orí pẹ́dà bíréèkì kó lè sún mọ́ ẹsẹ̀, a sì ní àmúró tó ń gbé pẹpẹ ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn tàbí sókè. Tí wọ́n bá de àfikún náà tán, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí ẹ rí i pé pẹ́dà kò kan pẹpẹ kó tó mú dáadáa. Ẹ tún rí i pé ẹsẹ̀ yín lè sinmi láìkan pẹ́dà rárá. Bíréèkì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà á gbóná, á sì jẹ pádì rẹ̀ tán.

Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, jíà yín ní apá méjì, ọ̀kan fún ìka ẹsẹ̀ níwájú, ọ̀kan fún gìgísẹ̀ lẹ́yìn. Apá ẹ̀yìn yẹn ń gba àyè lórí pẹpẹ, ó sì máa ń dí ẹsẹ̀ kékeré lọ́wọ́ láti sún sẹ́yìn. Yíyọ rẹ̀ kò le: a fa apá ẹ̀yìn kúrò, a fi ọ̀pá kékeré dí àyè rẹ̀, ẹ ó wá máa fi ìka ẹsẹ̀ gbé jíà sókè, kí ẹ sì fi tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Apá iwájú náà jókòó lórí irin eléyín, a lè fà á yọ kí a tún un fi ní eyín kan sísàlẹ̀ tàbí sókè kí ó bá ẹsẹ̀ yín mu. Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń ṣe tán kíá ni, ó sì máa ń jọ àwọn èèyàn lójú bí ìyàtọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn kan á ní kí ẹ ra bàtà onípẹpẹ gíga. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ bí bíréèkì ṣe ń mú, bẹ́ẹ̀ ni gíga rẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò ní tẹ ilẹ̀.

Áńdù wá kàn báyìí. Ó ṣe pàtàkì kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ṣe síìtì tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ́kọ́ ra áńdù torí pé òun ni ojú ń rí. Nígbà tí síìtì bá wá dé, tí wọ́n sún síwájú, áńdù náà á wá sún mọ́ wọn jù, wọ́n á tún náwó lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá yí áńdù sí apá kan lórí kẹ̀kẹ́ yín, ọwọ́ kan ń jìnnà, èkejì sì ń wá sí ikùn. Bí ọwọ́ tó ń wá sínú bá lu ikùn, itan tàbí táńkì kí áńdù tó dópin, ẹ kò ní lè yí kẹ̀kẹ́ náà dáadáa níbi tó há. Nítorí náà, ìwọ̀n àárín la ń wá.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ áńdù: bó ṣe ga tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àti bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó. Ẹni tí kò ga nílò èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn. Gíga rẹ̀ kò nílò àfikún. Ọwọ́ tó bá ga ju èjìká lọ á kú, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìka dáadáa. Fífẹ̀ rẹ̀ náà, bó bá dín díẹ̀, ọwọ́ tó lọ síwájú kò ní jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dín jù, yíyí rẹ̀ á wúwo, torí pé fífẹ̀ yẹn ló ń fún apá lágbára. Èyí tó fi bí ínǹṣì méjì tẹ̀ sẹ́yìn ju ti ilé iṣẹ́ lọ ni mo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ilé. Àwọn wáyà tọ́rótù àti ti bọ́tìnnì gba inú áńdù kọjá, kílọ́ọ̀ṣì ọdún 2015 (ohun tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀ kí a tó yí jíà) ń lo ọ́ọ̀lì nínú rọ́bà, bíréèkì iwájú náà sì ní rọ́bà tirẹ̀. Áńdù tí kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sábà máa ń lo àwọn rọ́bà wọ̀nyẹn láìpààrọ̀ wọn, ìdí mìíràn tí mo fi ní kí ẹ má gbé e ga. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́, ẹ ní kí mẹkáníìkì yí áńdù sí òsì àti ọ̀tún dópin níwájú yín, kí ẹ fojú ara yín rí i pé kò sí rọ́bà tó nà tantan, kò sì sí wáyà tó há sáàárín irin. Bí wọ́n bá tú rọ́bà bíréèkì, afẹ́fẹ́ á ti wọ inú rẹ̀; wọ́n gbọ́dọ̀ lé e jáde tán kí ẹ tó gùn ún.

Bí ìka yín bá kúrú, a lè pààrọ̀ ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì sí irú èyí tó ṣeé sún mọ́ áńdù. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí ẹ máa ń wọ̀. Gíláàsì iwájú ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, torí pé ibi tí ojú yín máa wà ti yí padà. Ẹ gbọ́dọ̀ máa wo títì lókè rẹ̀, kí etí òkè rẹ̀ wà ní bí ọ̀gangan imú yín. Bí ẹ bá ń wo títì láti inú gíláàsì, òjò Houston kan ní alẹ́ ti tó láti mú kí ẹ má rí nǹkan kan. Onírúurú gíga ni wọ́n ń tà, ínǹṣì ni wọ́n fi ń kà á, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì gba àkókò. Ẹ tún dígí ìwòyìn yí ní ọjọ́ náà.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ní kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀: abẹ́ ẹ̀yìn Tri Glide kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀, bí ẹ bá tún rẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa lu gbogbo òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù, ṣọ́ọ̀kì náà á sì máa kan ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe níbẹ̀ ni pé kí ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ta á ṣeé ṣe kó ti fún un ní afẹ́fẹ́ tó bá ìwúwo tirẹ̀ mu. Ìwé kẹ̀kẹ́ sọ iye tó yẹ ẹni tó fúyẹ́. Ẹ dín in kù dé ibẹ̀, ara yín á mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀kì iwájú náà, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Harley ti na fọ́ọ̀kì Tri Glide jáde síwájú dé ìwọ̀n 32 dígírì, ju ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọn lọ, kí áńdù má baà wúwo. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyẹn ń ba ìṣirò wọn jẹ́. Àwọn tó gun Honda Gold Wing tí wọ́n sọ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n rà á ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì kàn, torí pé iwájú tiwọn lè ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́ ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Motor Trike tó wà ní Troup, níbí ní Texas, wà lára àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Àwọn ọmọ yín kò sọ ohun tó burú nípa Ryker. Síìtì rẹ̀ wà ní bí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà péré sí ilẹ̀, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ bí ìdajì ti Tri Glide, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jíà tí ẹ ó máa yí. Àwọn Can-Am sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní UFit sí i: èèyàn lè sún ibi ẹsẹ̀ àti áńdù rẹ̀ síwájú-sẹ́yìn láìlo sípánà. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi kó tó ra kẹ̀kẹ́ kankan, tó sì ga bíi yín, mo máa ní kó lọ jókòó lórí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n táyà méjì ló wà níwájú rẹ̀, bó ṣe ń yà yàtọ̀, pẹ́dà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì ń tẹ bíréèkì táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní bíréèkì ọwọ́. Bí ẹsẹ̀ bá jìnnà sí pẹ́dà yẹn, kò sí òmíràn. Kò sì ní àpótí ńlá àti ààbò atẹ́gùn tí Tri Glide ní. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yín. Síìtì àti áńdù á náwó, ṣùgbọ́n kò ní tó ohun tí ẹ máa pàdánù tí ẹ bá ta Tri Glide kí ẹ tún ra òmíràn. Ẹ fi ìró wọn ara yín ní àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ yín kò bá tó áńdù láìka bí ẹ ṣe ká ìró náà nípọn tó, tàbí tí orúnkún yín ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń gùn ún, a jẹ́ pé àwọn ọmọ yín gba ti yín rò.

Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Motorcycle Safety Foundation, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ sí ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ gbé Tri Glide yín lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá gbà yín láàyè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe síìtì tán. Ibi òfìfo tí ẹ ti máa ń yà lọ́tùn-ún-lósì léraléra ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá áńdù tí ẹ fẹ́ rà nílò ínǹṣì kan tàbí méjì.

Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe pẹ̀lú àwọn ohun tuntun yìí, kí mẹkáníìkì tún gbogbo nọ́ọ̀tì síìtì, áńdù àti pẹ́dà wò, torí pé wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bá yín kó síìtì àti áńdù àtijọ́ lọ. Ẹ fi aṣọ wé wọn, ẹ tọ́jú wọn sí gáráàjì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ yìí fún ẹni tó ga, wọ́n máa béèrè wọn.